Fáànù oníná nínú ọkọ̀ akẹ́rù: Ohun tó yẹ kí awakọ̀ mọ̀ kí ríwáyà tó fọwọ́ kan wáyà

Kò sí awakọ̀ tó ń fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ná ọ̀nà Oǹdó sí Èkó tí kò mọ bí àyà ènìyàn ṣe máa ń já nígbà tí ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí ọkọ̀ bá ń sáré geere, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ti dá a dúró, tí oòrùn ọ̀sán ń ta lórí ọ̀dà títì, tí ẹrù sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú, kíá lomi inú rédíétọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń yọ fáànù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fi sí i, tí wọ́n sì ń fi fáànù oníná rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, ó sì lérè. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ṣe é bó ṣe yẹ, ohun tí wọ́n pè ní àtúnṣe ni yóò di àbùkù.

Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí fojú ara mi rí àpẹẹrẹ kan. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá sí Èkó. Ríwáyà kan bá a de fáànù oníná mọ́ ọn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fà láti ìdí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ sí ìdí fáànù, kò fi rílè sí i, kò sì fi fíùsì sí i. Oṣù méjì péré ni wọ́n fi gbádùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni wọ́n wà tí wáyà náà fi yọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Èéfín sọ, fáànù dúró, kí ẹ̀gbọ́n mi sì tó rí ibi tí yóò ya ọkọ̀ sí, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì ti wọ́. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló bá àtúnṣe náà lọ. Owó rílè kan àti fíùsì kan tí ẹni náà ń ṣọ́ ná kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí a tó dé orí wáyà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí fáànù wà fún. Omi tó ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ooru jáde wá sínú rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín àwọn ihò rédíétọ̀ kọjá ló sì ń gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà nìkan ti tó. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rá pálá ni fáànù ń ṣiṣẹ́ ọkùnrin. Fáànù tó bá ọkọ̀ wá, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i nípasẹ̀ bẹ́líìtì. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, ìso kan tí wọ́n rọ òróró sílíkónì sí ló wà láàrin fáànù àti páńpù omi, ìso yìí ló ń jẹ́ kí fáànù yára nígbà tí ooru bá pọ̀, kí ó sì rọra nígbà tí ooru bá dínkù. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra mí nínú sún-kẹrẹ, fáànù náà yóò máa rọra yí, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an la nílò rẹ̀ jù. Fáànù oníná kò ní irú ìṣòro yìí. Bátìrì àti ọ́tánétọ̀ ló ń fún un lágbára, nítorí náà bó ṣe ń sáré nígbà tí ọkọ̀ ń lọ náà ni yóò ṣe máa sáré nígbà tó dúró.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń gbóná ni fáànù ń dà láàmú. Kí ẹ tó lọ ra fáànù, ẹ wo ìgbà tí ọkọ̀ náà ń gbóná. Bó bá jẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nìkan ló ti ń gbóná, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ nígbà tó bá ń sáré, ó ṣeé ṣe kí fáànù ni àìsàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ lórí eré ló ti ń gbóná, ẹ má ṣe fi fáànù dá ara yín láàmú, ẹ yẹ rédíétọ̀ wò bóyá ó ti dí, ẹ yẹ páńpù omi wò, ẹ wo bẹ́líìtì bóyá ó ti rọ̀, kí ẹ sì wo ìdérí rédíétọ̀ bóyá rọ́bà rẹ̀ ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ lè yẹ ìso sílíkónì náà wò: bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa tí ẹ sì ti pa á, tí ẹ fi ìka kan ti fáànù, tó sì ń yí geere bí ẹni pé kò sí ohun tó dì í mú, òróró inú rẹ̀ ti jò tán.

Ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì ni irú ọkọ̀ tí ẹ ní. Píkọ́ọ̀pù àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré sábà máa ń lo iná fóltì 12. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí wọ́n so bátìrì méjì pọ̀ tẹ̀lé ara wọn, fóltì 24 ni tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá so fáànù fóltì 12 mọ́ fóltì 24, kò ní pẹ́ tí yóò fi jó. Yàtọ̀ sí èyí, ooru tí ẹ́ńjìnnì dísù ńlá tó ń fa tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n ń mú jáde kọjá ohun tí fáànù kékeré tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè kápá. Ẹ jẹ́ kí fáànù onítẹ̀ẹ́lẹ̀-ẹ́ńjìnnì máa bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì tún ìso rẹ̀ ṣe.

Fún píkọ́ọ̀pù, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà ní ọjà Ládípọ̀ àti irú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ so ó mọ́ bátìrì lójú ẹni tó ń tà á. Kó yí láìmì, kó má ké, kó má gbóná láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ rí èyí tó wà pẹ̀lú àkámọ́ rẹ̀ lódindi, èyí tó lè bo ojú rédíétọ̀ yín. Àkámọ́ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń mú kí fáànù fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú rédíétọ̀ kọjá. Láìsí i, ibi tí abẹ́ fáànù bá dé nìkan ni afẹ́fẹ́ yóò gbà. Ẹ̀yìn rédíétọ̀, níhà ẹ́ńjìnnì, ló sì dára jù kí a de fáànù sí, kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. Èyí tí wọ́n bá dè síwájú ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré.

Ẹ tún bi ara yín léèrè bóyá ọ́tánétọ̀ yín lè gbé e. Fáànù tó lágbára tó fún píkọ́ọ̀pù lè máa mu ámpíà 20 sí 30. Bó bá ń mu 25 lórí fóltì 14, wáàtì 350 nìyẹn, èyí tó ju ti iná iwájú méjèèjì pọ̀ lọ dáadáa. Bí ọ́tánétọ̀ ọkọ̀ náà kò bá lè pèsè ju ámpíà 40 lọ, tí iná iwájú, rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù sì tún ń mu nínú rẹ̀, bátìrì ni yóò máa san gbèsè náà, títí yóò fi kú.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Bí wọ́n bá ń yọ fáànù àtijọ́, kí wọ́n ṣọ́ra: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó di fáànù mú náà ló di púlì páńpù omi mú. Bí wọ́n bá yọ fáànù, dandan ni kí wọ́n dá àwọn nọ́ọ̀tì náà padà, kí wọ́n sì fi wáṣà dí àyè tó ṣẹ́kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, púlì yóò tú lójú ọ̀nà. Bẹ́líìtì kò gbọdọ̀ kúrò, nítorí òun ló ń yí páńpù omi. Irin pẹlẹbẹ ni kí wọ́n fi de fáànù tuntun mọ́ férémù rédíétọ̀. Kí wọ́n má ṣe gba àárín ihò rédíétọ̀ ki okùn rọ́bà bọ inú rẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe, torí pé gbígbọ̀n ọkọ̀ yóò jẹ́ kó máa fi díẹ̀díẹ̀ ha á títí yóò fi lu. Kí àyè tó tó ìka méjì sì wà láàrin fáànù àti ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹ́ńjìnnì máa ń mì.

Ó wá kan wáyà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti súìṣì inú ọkọ̀ kò lágbára láti gbé ámpíà 25. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe rílè. Rílè dà bí ìránṣẹ́ tó dúró lẹ́nu géètì: ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ọ̀gá fi ń rán an, òun ni yóò wá fi agbára ṣí ilẹ̀kùn ńlá. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀. Iná gidi láti bátìrì ń wọ ẹsẹ̀ 30, ó ń gba ẹsẹ̀ 87 jáde lọ sí fáànù. Ẹsẹ̀ 85 àti 86 ni ti ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn, iná tó ń gba inú wọn kò tó ámpíà kan. Wáyà tó ń ní iná nígbà tí wọ́n bá ṣí kọ́kọ́rọ́ ni kí wọ́n so mọ́ 86, kí wọ́n sì gba ara súìṣì ìgbóná so 85 mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Báyìí, bí ẹ bá pa ọkọ̀, fáànù yóò dúró, kò ní mu bátìrì yín tán mọ́jú. Kí rílè náà jẹ́ èyí tó lè gbé ámpíà 40.

Fíùsì gbọdọ̀ wà lórí wáyà tó ti bátìrì wá, kó sì sún mọ́ bátìrì bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Bó bá jìnnà, tí wáyà náà bá bó tó sì kan bọ́dì ṣáájú ibi tí fíùsì wà, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró, iná lè sọ lára ọkọ̀. Fún fáànù tó ń mu ámpíà 20, fíùsì 30 tó o. Fíùsì kò gbọdọ̀ lágbára ju wáyà tó ń ṣọ́ lọ, nítorí wáyà ló wà láti dáàbò bò. Wáyà mìlímítà 6 dára fún ọ̀nà iná ńlá náà àti fún ọ̀nà tó padà sí bọ́dì. Kí ó jẹ́ wáyà ọkọ̀ tó ní okùn wẹ́wẹ́ púpọ̀ nínú. Wáyà ilé tó jẹ́ irin kan ṣoṣo kì í bá ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lọ jìnnà kó tó já. Ibi tí wọ́n bá de nẹ́gẹ́tíìfù mọ́, kí wọ́n ha ọ̀dà àti ìpẹtà rẹ̀ kúrò kó mọ́ dán.

Súìṣì ìgbóná ló ń sọ ìgbà tí fáànù yóò bẹ̀rẹ̀. Bí tẹmósítáàtì ọkọ̀ yín bá ń ṣí ní 82°C, súìṣì tó ń so iná ní nǹkan bí 93°C, tó sì ń já a ní nǹkan bí 87°C, yóò bá a mu. Bí èyí tí ẹ rà bá ń já iná nísàlẹ̀ ibi tí tẹmósítáàtì ń ṣí, fáànù yóò máa yí láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, kí wọ́n fi rílè kejì sí i, kí fáànù lè máa yí nígbàkígbà tí amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní ilẹ̀ wa ló máa ń yọ tẹmósítáàtì sọnù, tí wọ́n á sì so fáànù ní tààrà kó máa yí láìdúró. Wọ́n á ní ojú ọjọ́ wa ló fà á. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà lè má gbóná, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ ń mu epo jù, ara rẹ̀ sì ń tètè jẹ. Fáànù tí kì í sinmi kì í pẹ́ kú, ọjọ́ tó bá sì kú, kì í kéde.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má ṣe tètè sanwó. Ẹ fi bébà kan síwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù bá ń yí. Bí bébà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bó ṣe yẹ. Bó bá ń ti bébà dànù, wọ́n ti gbé iná gba òdì. Ẹ tan ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tó dúró sí, kí ẹ wò ó títí fáànù yóò fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò tún fi dúró fúnra rẹ̀, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan wáyà àti rílè. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà á, wáyà náà ti kéré jù tàbí oríkèé kan kò dì.

Ẹ má sì ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná láti fi wo nǹkan kan. Omi lásán ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n ìdérí tó dára ń há omi náà mọ́lẹ̀ tí yóò fi gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ láìhó. Ìṣẹ́jú akàn tí ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ẹni tó ṣí i ni yóò sì dà sí.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni oko ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibẹ̀ ni owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé-ìwé ti ń jáde. Nítorí náà, bí ríwáyà bá sọ fún yín pé rílè kò pọn dandan, tàbí pé fíùsì ń ná yín lówó lásán, ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sójú ọ̀nà báyìí, rílè àti fíùsì sì wà lára fáànù rẹ̀ tuntun. Ìgbàkígbà tó bá wọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, yóò kọ́kọ́ pa rédíò, yóò sì dẹ etí sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ohùn fáànù náà.