A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Lápálápá: Àtúnṣe Tó Yẹ Ilé Kí A Tó Tà Á

Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ta ilé ní Ìwéré-Ilé wa níhìn-ín, ọ̀dà ni ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ rà. Yóò pe akunlé, yóò kun iwájú ilé ní funfun, yóò kun ìsàlẹ̀ ògiri ní pupa, yóò sì jókòó máa retí olówó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìnkùlé, àgbàrá ti jẹ ìpìlẹ̀. Lókè, ikán ti jẹ igi òrùlé. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ owó ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀, ìjà kì í sì í pẹ́ dé láàrin ọmọ ìyá lórí rẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi jẹun kí àgbà tó dé, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ.

Ilé alámọ̀ kan wà ládùúgbò ìyá mi, yàrá mẹ́fà pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàrin, páànù ni wọ́n fi bò ó. Nígbà tí baálé ilé náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin fẹ́ tà á, kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá wọn, kí èyí tó kù sì jẹ́ owó oúnjẹ ìyá. Owó tí wọ́n rí dá jọ fún àtúnṣe kò tó nǹkan. Dáwódù, tí ó ń gbé Ìbàdàn, ní kí wọ́n fi táìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sì kun ilé kí ó lè wu ojú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí òun àti ìyá jọ ń gbé inú ilé náà, dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi òjò ni yóò kọ́kọ́ rìn lórí táìlì yín kí olówó tó dé ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ di ariwo, wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi wọ́n, àwọn ni mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ta ilé bi ara rẹ̀. Èkíní: bí a bá fi ìbàjẹ́ yìí sílẹ̀ di òjò tó ń bọ̀, ṣé yóò máa pọ̀ sí i? Èkejì: ṣé olùrà yóò torí rẹ̀ sá, tàbí kí ó gé owó ju iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò ná wa lọ? Ẹ̀kẹta: ṣé kì í ṣe ohun tí olùrà yóò fẹ́ yàn fúnra rẹ̀? Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ ni kí a tún ṣe. Èyí tó bá bọ́ sí ìbéèrè kẹta, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbé inú ilé.

Òrùlé ló ṣáájú. Ní Òkè-Ògùn wa, òjò a máa dá láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ọdún títí di oṣù kẹta, àkọ́rọ̀ a sì máa dé pẹ̀lú ìjì. Páànù tí ìṣó rẹ̀ ti tú ni ìjì náà ń wá kiri. Kò di dandan kí a ṣí gbogbo òrùlé. Kí káfíńtà gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó pààrọ̀ ìwọ̀nba páànù tó ti dógùn-ún tàbí tó ti lu, kí ó kan ìṣó tuntun. Kí ó sì fi òòlù kan igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Igi tí ikán kì í tètè jẹ, bí ìrókò àti apá, ni kí a fi rọ́pò rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ògiri ló tẹ̀ lé e. Omi tó ń kán láti etí òrùlé a máa ta sí ara ògiri amọ̀, a sì máa bó o díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ la gọ́tà kí omi lè gba ibòmíràn lọ, kí ẹ tó fi amọ̀ tí a pò dáadáa dí ibi tó ti jẹ. Ẹ má sáré fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ tó ṣì ń mu omi. Ọ̀rinrin yóò há sí àárín wọn, kò sì ní pẹ́ tí sìmẹ́ńtì náà yóò máa ṣí bí èèpo. Ní ti ibi tó sán, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ìparí rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá ìlà náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilé ṣì ń rìn, ọ̀dà kò sì lè dá a dúró. Ògiri tó bá lanu ni aláǹgbá ń rí wọ̀. Olùrà tó gbọ́n yóò gba ibẹ̀ wọlé láti já owó yín wálẹ̀.

Táìlì, fèrèsé onígíláàsì àti ọ̀dà olówó gọbọi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ gé koríko, ẹ bo kànga dáadáa, kí ilẹ̀kùn máa tì. Ìwọ̀nyí kò náni ní nǹkan púpọ̀. Kí ẹ sì bèèrè ná bóyá ilé ni olùrà ń fẹ́ tàbí ilẹ̀. Bí ilé bá wà létí títì, ó lè fẹ́ wó o láti kọ́ ti búlọ́ọ̀kù. Kí ni yóò fi páànù tuntun yín ṣe?

Ohun tí a ṣe ní ilé tí mo wí nìyí: a tún òrùlé ṣe, a la gọ́tà, a sì fi táìlì sílẹ̀. Yàrá kan wà tí ògiri rẹ̀ sán láti òkè dé ilẹ̀. Owó wa kò ká a. A kò kun ún. A mú olùrà, olùkọ́ kan tó fẹ́ gbé inú ilé náà, dé ibẹ̀, a sọ iye tí bíríkìlà ní yóò gbà, a sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Ó san owó rẹ̀ kí àkọ́rọ̀ tó dé, ìyá sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀. Òrùlé bo àjà mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò kan ṣoṣo ti tó láti tú àṣírí àjà, ìlú kan náà ni olùtà àti olùrà yóò sì jọ máa gbé.

Kí ẹ tó ra ìṣó kan, ẹ rí i pé ẹbí fohùn ṣọ̀kan. Bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ lábẹ́ àṣà wa. Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà ti sọ ọ́: ilé ẹbí tí a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà rẹ̀, èyí tí olórí ẹbí sì dá tà láìfi ti àwọn ọmọ ẹbí pàtàkì ṣe, wọ́n lè mú kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì ní kí a gba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ kí a tó gbé ilẹ̀ tí a ní lábẹ́ àṣà fún ẹlòmíràn. Ìwéré-Ilé gan-an ni oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjówà, nítorí náà ọ̀nà kò jìn.

Ọmọ tó bá sì fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di onílé. Ẹ kọ iye tí olúkúlùkù mú wá sínú ìwé, kí ẹ fohùn sí bí yóò ṣe gbà á padà kí a tó pín ìyókù. Ìwé pélébé yẹn wà lára àtúnṣe ilé, òun ló sì kéré jù lówó nínú gbogbo wọn.