Ewé àti Ìbànújẹ́ Tí A Kò Mọ Ìdí Rẹ̀



Nígbà mìíràn, obìnrin tí gbogbo wa mọ̀ sí ọlọ́yàyà yóò ṣàdédé di ẹni tí ń fajú ro. Kò ní wá sí ìpàdé mọ́, ọjà kò ní wù ú í tà, owó ẹgbẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Àwọn kan yóò ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ayé ni. Ó lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àwọn ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí àwọn dókítà ń pè ní họ́mọ̀nù. Ìránṣẹ́ ni wọ́n jẹ́ nínú ara. Bí wọ́n bá pọ̀ jù tàbí tí wọ́n dín jù, ọkàn a máa dàrú. Èyí lè ṣẹlẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé, lẹ́yìn ìbímọ, tàbí nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dáwọ́ dúró. Ó sì lè wá láti ara ẹran kékeré kan tí ó wà níwájú ọ̀fun, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù, àyà a máa já, inú a sì máa tètè bí ènìyàn. Bí ó bá dín, òtútù, àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ ni yóò tẹ̀ lé e.

Níhìn-ín ni a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àgbò. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn àgbà wa fi ń mú kí ara wèrè rọlẹ̀, òótọ́ sì ni pé agbára wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1952 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde lára ìbátan igi náà tí ó ń hù ní Íńdíà. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú kí ọkàn-àyà lù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ oògùn náà ni pé kí a má fún ẹni tí ìbànújẹ́ bá ń ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ ọ̀fun rẹ̀ ti dín, tí ọkàn-àyà rẹ̀ ti ń fà tẹ́lẹ̀, kí ni a óò tún fi asofẹ́yẹjẹ ṣe fún un?

Àwọn ewéko mìíràn wà. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí ní Jámánì ròyìn nípa obìnrin 170 tí inú ń bí kí nǹkan oṣù wọn tó dé. Nínú àwọn tí ó lo èso Vitex agnus-castus, ó lé díẹ̀ ní ìdajì tí ara tù. Nínú àwọn tí ó lo ayédèrú rẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ̀wà sóyà lè dín ooru ara kù díẹ̀ fún àwọn tí nǹkan oṣù wọn ń dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lo oògùn ọ̀fun má ṣe jẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ oògùn náà. St. John's Wort ń ran ìbànújẹ́ kékeré lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára.

Nítorí náà, kí á tó re ewé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn. Ẹ má fi àgbò tí ẹ ti mu pamọ́ fún dókítà. Bí abiyamọ tàbí ẹnikẹ́ni bá ní ayé sú òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí ẹnìkan bá pa ìpàdé jẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ lọ kí i nílé kí ẹ tó bù ú ní owó ìtanràn.