Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Ojú Ilé ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú kan létí ọ̀sà, ní apá ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá ń ti Ìkòròdú bọ̀ lè gba Ìtòìkín dé ibẹ̀. Ẹja ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá lọ. Wọ́n á na ọjà Olúwo, wọ́n á ra ẹja tútù àti ẹja yíyan, wọ́n á sì padà sílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí àlejò rí ní Ẹ̀pẹ́. Ojú àwọn ilé àtijọ́ ni.

Bí ẹ bá wọ àdúgbò àtijọ́, ẹ rọra máa rìn, kí ẹ sì gbójú sókè. Ẹ ó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Òpó rẹ̀ nípọn. Orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Òdòdó àti ewé tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ wà lára ògiri rẹ̀. Ta ló kọ́ wa ní irú ilé yìí?

Àwọn Àgùdà ni. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n, àti àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn ọdún 1835, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti gba òmìnira wọkọ̀ padà wá sílé. Àwọn tó dúró ní Èkó ń gbé ní Pópó Àgùdà. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ níṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Báwo ni iṣẹ́ Èkó ṣe dé Ẹ̀pẹ́? Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n bá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá a lọ mọ́. Àwọn ọmọ wọn ló ń fi ọdún Káyókáyọ̀ rántí bí ó ṣe dé. Ọkọ̀ ojú omi kò sì yé lọ, kò yé bọ̀ láàrin ìlú méjèèjì. Ilé tí oníṣòwò bá rí ní Èkó, tí ó wù ú, ó fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sílé.

Ẹ wo bí ilé náà ṣe yàtọ̀. Agbo ilé àwọn bàbá wa kọjú sínú, sí àgbàlá. Èyí kọjú sí títì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàrin, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì. Onílé fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá mọ òun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ orúkọ onílé àti ọdún tí a kọ́ ilé sókè ojú ilé, ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, iṣẹ́ yín dé. Bí ẹ bá rí 1920 lókè ilẹ̀kùn, ẹ mọ̀ pé ilé náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Omi ni ọ̀tá irú ilé bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ògiri wọn, sìmẹ́ǹtì kàn bò ó lára bí aṣọ ni. Bí páànù bá ń jò, omi á wọ orí ògiri, amọ̀ á rọ̀, sìmẹ́ǹtì á ṣí, òdòdó á já bọ́. Páànù kan tí a pààrọ̀ lónìí kò tó owó ògiri tó wó lọ́la.

Ọwọ́ ènìyàn náà ń ba ilé jẹ́. Ní Èkó, ilé kan wà ní Ojúde Tinúubú tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí a ń pè ní Ilojo Bar. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ẹ ò rí i pé òfin nìkan kò lè gba ilé là? Àfi kí àwọn tó ni ín mọ iyì rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn ará ilé. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó wọlé tàbí kí ẹ tó ya àwòrán. Ẹ bi àgbà léèrè ẹni tó kọ́ ilé náà àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹ bá sì padà dé ìlú tiyín, ẹ wo ojú ilé baba yín náà. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún tó wà níbẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì fi pamọ́ fún àwọn ọmọ yín.