Ẹni Tó Ń Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù Nígbà Sọ́mà: Ẹ Di Ẹrù Òtútù, Ẹ Di ti Ooru

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mẹ́ta nínú wa ló ní kí ẹgbẹ́ bá àwọn dúpẹ́. Ọmọ wọn tó wà ní ìlú ọba ti fi ìwé pè wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun. A bá wọn yọ̀, a jó. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ní, "Sọ́mà ni mo ń bá lọ, ooru ni. Ànkàrá mi ti tó." Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí, nítorí ohun tí èmi náà sọ nìyẹn ní ọdún 2022 tí mo lọ, ojú mi sì rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ sọ́mà. Oṣù kẹfà, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni. Òun ni ìgbà tí ó móoru jù lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tiwa. Lọ́dọ̀ wa níbí, afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún. Afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ ló ń gbé òjò wá, èyí tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ló ń gbé ọyẹ́ wá. Èyí ń lọ, èyí ń bọ̀, gbogbo wa la mọ ìgbà tí a lè sá ẹ̀lùbọ́.

Ìlú ọba ò rí bẹ́ẹ̀. Oríta ló wà. Afẹ́fẹ́ orí òkun Àtìláńtíìkì ń gbé òjò wá bá wọn láti ìwọ̀-oòrùn. Èyí tó ń ti ìhà àríwá bọ̀, níbi tí yìnyín wà, ń gbé òtútù wá. Èyí tó ń ti Yúróòpù àti Sàhárà bọ̀ ń gbé ooru wá. Afẹ́fẹ́ líle kan sì tún wà lókè réré tó ń darí wọn. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ojú ọjọ́ á yí padà. Ẹni tó pàtẹ sí oríta ò lè sọ ọ̀nà tí oníbàárà máa gbà wá, àbí? Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sán oṣù keje sábà máa ń wà ní bíi dígírì 23 tàbí 24. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òru rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ sí bíi 14, ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ọyẹ́ wa ni kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Manchester tàbí Glasgow, tiyín tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, èmi àti ọmọ mi gbé ìkókó lọ wọ̀n. Bùbá léèsì ni mo wọ̀, mo wé gèlè, mo wọ sálúbàtà. Oòrùn ràn nígbà tí a jáde. Kí a tó dé ibùdókọ̀, òjò wínníwínní ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Agbòjò tí mo gbé dání yí padà, ó di igbá. Eyín mi ń gbá ara wọn. Ọmọ mi ní, "Màámi, mo ní kí ẹ mú súwẹ́tà." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wúkọ́, ẹni tó wá tọ́jú ọmọ wá di ẹni tí wọ́n ń tọ́jú.

Mo rò pé ó ti parí. Ìgbà tó di ọjọ́ 18 àti ọjọ́ 19 oṣù keje, ooru dé. Ní Coningsby, ní ọjọ́ 19, ó dé dígírì 40.3. Kò tíì dé 40 rí nílẹ̀ wọn látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ní Imini wa níbí, oòrùn oṣù kẹta tí a ń pariwo, bíi 34 tàbí 35 ló sábà ń jẹ́. Ojú ọ̀nà bàálù gbé sókè ní pápákọ̀ òfurufú Luton, iná sì jó ilé ní abúlé Wennington, ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ má sọ pé, "Èmi ọmọ Áfíríkà, kí ni ooru fẹ́ fi mí ṣe?" Ilé wọn ni wọ́n kọ́ láti pa ooru mọ́ nítorí òtútù. Fèrèsé kéékèèké, kò sí fáànù lókè, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ooru tó bá wọlé ò rí ọ̀nà jáde. Èmi tí mo ń jókòó sọ́jà látàárọ̀ dalẹ́, òòyì kọ́ mi nínú yàrá ọmọ mi. Ìjọba wọn ṣírò rẹ̀ pé ní England nìkan, nínú àwọn àkókò ooru ọdún 2022 yẹn, àwọn tó ti lé ní ọdún 65 tó kú fi ohun tó ju 2,800 lé sí iye tó máa ń kú tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn o.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí:

1. Ẹ kó aṣọ tó ṣeé wọ̀ léra. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lórí ara wọn sàn ju aṣọ nínípọn kan lọ. Afẹ́fẹ́ àárín wọn ló ń pa ooru ara mọ́, ẹ sì lè bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí oòrùn bá yọ.

2. Kóòtù òjò tó ní fìlà lára sàn ju agbòjò lọ, nítorí afẹ́fẹ́.

3. Ẹ mú bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀. Sálúbàtà, inú ilé ni.

4. Ẹ má náwó jù. Ẹ ra súwẹ́tà àti kóòtù lọ́dọ̀ àwọn olókìríkà wa níbí. Ìlú olótùútù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

5. Fún ooru, ẹ kó ìró àti bùbá ànkàrá tàbí àdìrẹ tó jẹ́ òwú, kó fẹ̀. Léèsì oníná kì í jẹ́ kí ara mí. Lọ́sàn-án, ẹ fa kọ́tìnì bo fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí. Lálẹ́, ẹ ṣí i. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

6. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà kí ẹ tó lọ. Àwọn kan nínú oògùn yẹn máa ń fa omi kúrò lára, ooru sì tún ń fà á. Inú àpò ọwọ́ ni kí oògùn wà, kì í ṣe inú ẹrù abẹ́ bàálù. Aago ni kí ẹ fi lò ó, ẹ má wo oòrùn, nítorí ní oṣù kẹfà, ó ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

7. Láràárọ̀, ẹ ní kí ọmọ yín ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ fún yín lórí fóònù. Bí wọ́n bá fi àwọ̀ ìyeyè ṣe ìkìlọ̀, ẹ ṣọ́ra. Bó bá di ti ọsàn, ó ti le. Bó bá di pupa, ẹ̀mí wà nínú ewu, ẹ jókòó sílé. Bí òòyì, èébì tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn bá bá ooru wá, 999 ni wọ́n ń pè.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ń lọ, ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, ọwọ́ yín á gbọ́mọ. Ẹni tó bá fẹ́ yá kóòtù òjò mi, ó wà nílé, kó wá gbà á kó tó di ọjọ́ ìrìn-àjò.

Èmi ni akọ̀wé yín.