Wíwá Orúkọ Yorùbá nínú Àká Dátà Alátẹ: Ohun tí ó ń mú Ìbéèrè Yá àti Ohun tí ó ń fà á Sẹ́yìn

Ìfáàrà

Ní ọdún 1970 ni Edgar F. Codd, onímọ̀ ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní ìpínlẹ̀ California, gbé àbá kan jáde pé kí a máa tọ́jú dátà sínú àtẹ onílà àti olópòó, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ nǹkan kan sì sọ ohun tí ó fẹ́ láìsọ ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò gbà rí i. Àbá yìí ni ó bí àká dátà alátẹ, èyí tí SQL jẹ́ èdè ìbéèrè rẹ̀. Inú irú àká bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti èsì ìdánwò wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lónìí.

Pé olùbéèrè kò sọ ọ̀nà kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà kò ṣe pàtàkì. Ìbéèrè méjì tí ìdáhùn wọn kò yàtọ̀ rárá lè gba àkókò tí ó jìnnà sí ara wọn: ọ̀kan a dáhùn kí a tó ṣẹ́jú, èkejì a mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Orúkọ Yorùbá ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìhun àti àkọtọ́ orúkọ náà kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n.

Atọ́ka àti Ìbẹ̀rẹ̀ Orúkọ

Bí àtẹ kan kò bá ní atọ́ka, ẹ̀rọ yóò ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìlà bá jẹ́ 1,000,000, yóò wo gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni a ń wá. Rudolf Bayer àti Edward McCreight ni wọ́n ṣe àgbékalẹ̀ igi atọ́ka tí a mọ̀ sí B-tree, tí wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1972. Orí igi yìí ni a ń to orúkọ sí ní ìtòtẹ̀léra ábídí. Bí oríta kọ̀ọ̀kan bá ya sí ọ̀nà 100, oríta mẹ́ta péré ni a ó gbà kọjá kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú 1,000,000, nítorí pé 100 × 100 × 100 ni 1,000,000.

Ṣùgbọ́n bí ìwé atúmọ̀ èdè ni igi yìí rí: ẹni tí ó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè jàǹfààní rẹ̀. Ẹ wo ìbéèrè méjì yìí:

SELECT * FROM akekoo WHERE oruko LIKE 'Adew%';
SELECT * FROM akekoo WHERE oruko LIKE '%wale';

Ìbéèrè kìíní lè lo atọ́ka. Èkejì kò lè lò ó, nítorí pé Adéwálé, Akínwálé, Ọláwálé àti Ọmọ́wálé ti fọ́n káàkiri nínú ìtòtẹ̀léra. Ẹ̀rọ ní láti ka gbogbo àtẹ. Bí irú ìbéèrè kejì yìí bá ń wáyé lemọ́lemọ́, a lè ṣe atọ́ka lórí orúkọ tí a kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú:

CREATE INDEX ON akekoo (reverse(oruko) text_pattern_ops);

Lẹ́yìn èyí, 'elaw%' ni a ó wá lórí reverse(oruko). Ní PostgreSQL, bí ìlànà ìtòtẹ̀léra àká náà kì í bá ṣe èyí tí a ń pè ní C, text_pattern_ops yìí ni ó ń jẹ́ kí LIKE lè lo atọ́ka. Ó sì yẹ kí a fi sí atọ́ka oruko gan-an pẹ̀lú.

Ìgbà tí Ẹ̀rọ bá Kọ Atọ́ka Sílẹ̀

Olùkọ́ tí ó bá wá 'Ade%' lè rí i pé ẹ̀rọ kò fọwọ́ kan atọ́ka tí ó ṣe. Kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ. Adé, Olú, Ọlá àti Akin ni orúkọ Yorùbá púpọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbà pé ìdá kan nínú márùn-ún àtẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé, lílọ sí atọ́ka àti pípadà sí àtẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gba iṣẹ́ ju kíka àtẹ náà tààrà lọ. Apá ètò tí ó ń ṣe ìṣirò yìí ni a lè pè ní aṣàyàn-ọ̀nà. Ní 1979 ni Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ṣàlàyé bí ó ṣe lè díwọ̀n iṣẹ́ tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò gbà, kí ó sì mú èyí tí ó fúyẹ́ jù.

Àṣẹ EXPLAIN ni ó ń fi ọ̀nà tí ó yàn hàn. EXPLAIN ANALYZE a tún fi iye ìlà tí ó fojú bù sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ó rí ní tòótọ́. Bí àlàfo méjèèjì bá pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìṣirò rẹ̀ ti gbó, kí ó sì nílò àṣẹ ANALYZE. (EXPLAIN ANALYZE máa ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni o: ẹni tí ó bá fi ṣíwájú DELETE ti pa dátà rẹ́.)

Àmì Ohùn

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Nínú kóòdù Unicode, á ní kóòdù tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. A lè fi àmì ìsàlẹ̀ kún ọ. A lè fi àmì abẹ́ kún ò. A sì lè kọ o, kí a fi àmì méjèèjì tẹ̀lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kóòdù ni atọ́ka ń fi wéra. Bí akọ̀wé kan bá tẹ Adébáyọ̀ ní ọ̀nà kan, tí ẹlòmíràn sì wá a ní ọ̀nà mìíràn, ẹ̀rọ lè dáhùn pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a sì pàdánù èsì tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, '%bay%' ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sá lọ bá, gbogbo àtẹ a sì di kíkà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láti ẹ̀dà 13 rẹ̀, tí ó jáde ní 2020, ni PostgreSQL ti ní normalize(), tí ó ń sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ọ̀kan. Ìgbà tí a bá ń gba orúkọ wọlé ni ó tọ́ kí a lò ó. Bí a bá fi í sára òpó nínú WHERE, atọ́ka lásán tí ó wà lórí òpó náà kò ní wúlò fún ìbéèrè yẹn mọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún lower(oruko). Ìbéèrè tí olùwá tẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba inú normalize() kọjá. Nítorí àwọn tí kì í tẹ àmì rárá, ó dára kí a ní òpó kejì tí kò ní àmì, pẹ̀lú atọ́ka tirẹ̀. Òótọ́ ni pé atọ́ka kọ̀ọ̀kan ń fi iṣẹ́ kún ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń forúkọ sílẹ̀, a sì ń wá a fún ọdún púpọ̀. Òpó kejì yìí wà fún wíwá nìkan. Orúkọ alámì tí ó wà ní òpó kìíní ni yóò jáde lórí ìwé-ẹ̀rí.