Aṣọ ẹbí kún àpótí dé orí wọ́dírọ́ọ̀bù: ẹ gbé sísọ́ọ̀sì, ẹ fi rán aṣọ ìbora!

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ má bínú sí mi o, ìbéèrè kan ti pẹ́ lọ́kàn mi: gbogbo aṣọ tó wà nínú àpótí yín yẹn, ta ni yóò wọ̀ ọ́? Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílé yín kì í ṣe àkísà, ankara gidi ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì wọ òmíràn níbẹ̀. Ti ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá yín nìyí, ti òkú ìyá ọ̀rẹ́ yín nìyẹn, ti ìwúyè, ti ìṣílé, ti àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, káńfọ̀ nìkan ló ń bá a gbé.

Ẹ ò lè wọ̀ ọ́ lọ sóde mìíràn, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe ti òkú ìyá Lágbájá lèyí?" Ẹ ò lè tà á, ojú ń tì yín. Ẹ ò fẹ́ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, nítorí owó tẹ́ ẹ fi rà á ṣì ń dùn yín. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá tún pín aṣọ ẹbí wá lọ́la, ẹ máa rà á.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti máa ń di wàhálà ni ọjọ́ tí ìyá bá kú. Àwọn ọmọ á jókòó yí àpótí ká, wọ́n láwọn fẹ́ pín aṣọ. Lésì àti aṣọ òkè ni gbogbo wọn ń wò. Ẹ̀gbọ́n á lóun lòun sanwó ọsibítù, àbúrò á lóun lòun bá màmá gbé, ìyàwó ilé á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n. Aṣọ kan ṣoṣo lè sọ ọmọ ìyá kan náà di ẹni tí kì í kíra wọn mọ́. Ankara tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń jà sí i. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni màmá ń wọ̀ lójoojúmọ́, òun ló fi dáná, òun ló fi pọn wọ́n. Inú báàgì Ghana-must-go lẹ máa bá a lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ikán á ti bá a ṣeré.

Èmi sọ pé kí wọ́n gé ankara yẹn, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n rán an pọ̀ di aṣọ ìbora, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan. Ìpín wo ló tún dọ́gba tó bẹ́ẹ̀? Kò sí ìró màmá tí kò ní sí lára ti gbogbo wọn.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń pariwo pé, "Èèwọ̀! Aṣọ òkú ni ká máa bò sùn?" Ẹ rọra ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílùú, ẹ rántí aṣọ eégún ńlá. Ṣebí aṣọ oríṣiríṣi tí ìdílé kó jọ ni wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n ń fi tuntun lé ti àtijọ́ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún? Àwọn ọmọ ìran ẹrú tí wọ́n kó kúrò nílẹ̀ Áfíríkà náà ń ṣe irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Gee's Bend, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, obìnrin kan tó ń jẹ́ Missouri Pettway di opó. Ní 1942, ó já aṣọ tí ọkọ ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ oko, ó fi rán aṣọ ìbora, kó lè máa bò ó, kó máa fi rántí bàbá náà. Ní 2002, wọ́n pàtẹ aṣọ ìbora àwọn obìnrin abúlé yẹn ní mùsíọ́ọ̀mù ńlá ní Houston àti New York. Nígbà tó di 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán mẹ́wàá nínú wọn sára sítáǹbù. Aṣọ oko tó ti gbó o!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń gé. Sányán, ẹtù àti àlàárì, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ní àwòrán ọba òyìnbó àti olorì láàárín, Olóba nìyẹn, ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè. Ẹ ká a dáadáa, ẹ dá a padà sí àpótí. Lésì náà, ẹ fi sílẹ̀, oníhò ni, kò bá ankara rán.

Ó wá ku ètò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ẹ kọ́kọ́ rẹ aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú omi lọ́tọ̀ mọ́jú. Èyí tí omi ẹ̀ bá yí àwọ̀, ẹ tún un fọ̀ títí omi á fi mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ba ti ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ́. Ẹ nà án sójú fèrèsé: ibi tẹ́ ẹ bá ti ń rí ọwọ́ yín, ó ti gbó níbẹ̀, ẹ fo ibẹ̀.

Ká sọ pé bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ni. Kí aṣọ lè ṣẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì àti níbi ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 72 íǹṣì ní ìbú, 81 ní gígùn. Ẹ gé páálí tó jẹ́ 10 íǹṣì lọ́nà méjèèjì, ẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká lórí aṣọ. Rírán máa jẹ ìdajì íǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 9 ló máa kù. Mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́sàn-án ní gígùn, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 72. Ìró yáàdì méjì tí kò gbó máa mú 28 jáde. Tí ọmọ bá jẹ́ mẹ́ta, 216 lẹ nílò, ìró mẹ́jọ á gbé e.

Ẹ má tíì rán an o. Ẹ tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì, èyí tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà wò ó. Ibi tójú bá ti ń kọsẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì àtijọ́ lẹ máa fi tẹ́ ẹ nínú. Fún ooru Èkó, ìyẹn ti tó. Èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó wà ní London nìkan ni kẹ́ ẹ ki kúbùsù fẹ́lẹ́ sáàárín, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gún un já níbi tí igun mẹ́rin ti pàdé, kó má baà máa rìn nínú.

Tó bá jẹ́ télọ̀ lẹ fẹ́ gbé e fún, ẹ dúnàádúrà kó tó gbà á, ẹ má sì gbé e lọ nígbà Iléyá tàbí Kérésì, aṣọ òde ni wọ́n ń rán nígbà yẹn, tiyín á wà nísàlẹ̀ tábìlì dọdún tó ń bọ̀. Ẹ ní kó fi òwú kọ orúkọ màmá sí igun kan lẹ́yìn, pẹ̀lú ọdún tẹ́ ẹ rán an. Ìrépé tó bá ṣẹ́kù, ẹ kó o sínú ìrọ̀rí.