Lílọ́ Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ṣé ẹ ti rí kóró nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà rí? Kò ní. Ọmọ tí ó hù ní ìdí ìyá rẹ̀ ni a ń lọ́ gbìn sí ibòmíràn. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ láti kékeré ń wu ojú, ṣùgbọ́n kò lágbára. Èyí tí ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà ni kí ẹ mú.

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wa ilẹ̀ yí i ká, kí àgbàlagbà fi àdá gé e kúrò lára ìyá rẹ̀. Ẹ gé gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ sì bó ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun. Ẹ má bẹ̀rù, gbòǹgbò tuntun yóò hù. Kòkòrò dúdú kan ni a ń sá fún, tí ó ń yé ẹyin sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìdin rẹ̀ á jẹ ìdí náà ní ihò-ihò, títí ìjì yóò fi wó igi tòun ti èso lórí. Ọmọ tí ihò bá ti pọ̀ ní ìdí rẹ̀, ẹ jù ú nù.

Ẹ gbẹ́ kòtò tí ó jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ gbé e sí i, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bo ìdí rẹ̀.

Ewé gbígbẹ ni kí ẹ máa gé. Ewé tútù ni ó ń bọ́ èso. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti bẹ́ èso rẹ̀, ẹ gé e, kí ẹ dá ọmọ kan sí láti rọ́pò rẹ̀.